Fíìmù tí iná kì í yọ́: ṣé ẹ̀rọ sáṣẹ́ lè fẹ́ ẹ?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àjàṣẹ́ níbí ni mo wà, lápá Ouando, bobinage, wáyà moteur wíwé, ni mò ń ṣe. Moteur ẹ̀rọ ìlọta, pọ́ǹpù omi, alternateur groupe, gbogbo ẹ̀ ni mò ń wé. Fíìmù aláwọ̀ ọsàn tó ń dán yẹn, tí wọ́n ń pè ní Kapton, tí a máa ń tẹ́ sínú encoche, ihò irin moteur yẹn, kí wáyà tó wọ̀ ọ́, owó ẹ̀ ti le jù fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ sáṣẹ́, àpò náílọ̀n yẹn, tẹ́lẹ̀, àtìgbà tí òfin tó ka àpò náílọ̀n léèwọ̀ ti dé lẹ̀rọ ọ̀hún ti wà nílẹ̀, ó ní tí n bá bá òun rí ohun èlò ẹ̀ òun á fẹ́ Kapton fún mi, tí ò bá sì ṣeé ṣe òun á fẹ́ náílọ̀n tó nípọn gan-an tí ooru moteur ò ní lè rí gbé ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti ń ṣe é? Ṣé a ò lè ṣe é níbí ni?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làálàá. Ìbéèrè mẹ́ta lo kó pọ̀, àmọ́ ìdí kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí náà mi ò ní tò wọ́n tẹ̀léra. Kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ má baà lọ dáwó jọ ra ohun tí ò ní wúlò, jẹ́ n tètè sọ ọ́: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ sáṣẹ́ ò lè fẹ́ Kapton. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ tiẹ̀ kéré o, kódà kó lọ gbé èyí tó tóbi jù láyé wá láti Jámánì, ibì kan náà ló máa já sí. Ilé iṣẹ́ DuPont tó gbé Kapton jáde ní Amẹ́ríkà gan-an, wọn ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ rí. Ti náílọ̀n tó nípọn yẹn ló tún wá burú jù, ìyẹn lè pààyàn, màá débẹ̀.

Wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ná. Wọ́n á da kóró polyethylene sí i lẹ́nu, irin gbọọrọ kan tó ń yí nínú ẹ̀ á máa tì í lọ síwájú, ara ẹ̀rọ á gbóná tó 160 sí 220°C, kóró á yọ́, á gba ẹnu irin róbótó jáde, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ kó wú sókè, á tutù lókè lọ́hùn-ún, rólà á tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, wọ́n á ká a. Ó tán. Gbogbo ètò yẹn, orí yíyọ́ ló dúró lé. Kóró tí ò bá yọ́ ò lè gba ẹnu irin yẹn jáde, atẹ́gùn ò sì ní rí nǹkan kan fẹ́. Ìwọ wá ń wá fíìmù tí kì í yọ́. Ohun tí o fẹ́ràn lára Kapton gan-an ni ò jẹ́ kó gba inú ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ kọjá.

Polyimide lorúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, Kapton kàn jẹ́ orúkọ ọjà tí DuPont fún tiẹ̀ ni. Kaneka ní Japan ń ṣe tiẹ̀, ó ń pè é ní Apical, Ube náà níbẹ̀ ń pe tiẹ̀ ní Upilex, àwọn ará Ṣáínà sì ń ṣe oríṣiríṣi tó kún ọjà báyìí. Tó o bá ń mú u gbóná, kò ní ibì kan tí wàá dé tí á di olómi. Wọ́n ń lò ó láti −269°C títí dé 400°C, àmọ́ 400 yẹn kì í ṣe èyí tó lè wà nínú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá o, fún ìgbà díẹ̀ ni. Tó bá kọjá 500°C ó ń bàjẹ́ lọ nìyẹn, á di èédú, síbẹ̀ kò ní yọ́.

Ọ̀rọ̀ nínípọn ló kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó bá nípọn ló ń gba iná dúró, bóyá torí pé tá a bá wọ aṣọ méjì òtútù kì í mú wa. Ti ooru moteur ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo náílọ̀n, gbogbo pílásítíìkì, ẹ̀wọ̀n gígùn ni wọ́n nínú, ẹ̀wọ̀n tí ojú ò lè rí. Ti polyethylene, carbon ló so mọ́ carbon lọ bẹ́ẹ̀, ó rọ̀, ó lè yí síbí yí sọ́hùn-ún, ooru díẹ̀ báyìí àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn á ti máa yọ̀ kọjá lára ara wọn, ohun tí à ń pè ní yíyọ́ nìyẹn. Náílọ̀n rírọ̀ á yọ́ ní nǹkan bí 110°C, èyí tó ń dún wùrùwùrù lọ́wọ́ yẹn á gbìyànjú dé 130°C. Polypropylene tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì á dé 160 ó lé díẹ̀. Bó o fẹ́ ẹ nípọn bí àtẹ́lẹwọ́, 110 náà ni á ti yọ́, á kàn pẹ́ díẹ̀ kí ooru tó wọnú ẹ̀ dé àárín ni, moteur tó ń lọ ata látàárọ̀ dalẹ́ sì ní àkókò gan-an láti dúró dè é.

Ohun tó sì máa ṣẹlẹ̀ nìyí. Náílọ̀n yẹn ò tiẹ̀ ní dúró dìgbà tó máa yọ́ pátápátá. Á kọ́kọ́ rọ̀. Wáyà tí o fún mọ́ inú encoche ń tì í, ẹ̀gbẹ́ tólè irin ń gé e, wáyà á rì wọnú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi kan irin, ara moteur á wá máa gbé iná. Obìnrin tó ń lọ ata yẹn, ọwọ́ ẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú omi. Mi ò ní láti sọ ìyókù. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó má dán an wò, kódà lórí pọ́ǹpù kékeré.

Èwo ló wá jẹ́ kí polyimide yàtọ̀? Mú polyester ná, ìyẹn fíìmù funfun tàbí èyí tó mọ́ gaara tí ẹ̀yin bobineur mọ̀ sí Mylar. Nínú ẹ̀wọ̀n tiẹ̀, òrùka carbon mẹ́fà-mẹ́fà wà láàárín, òrùka yẹn le, kò ṣeé tẹ̀, ìyẹn ló gbé e dé nǹkan bí 255°C kó tó yọ́. Polyimide wá ni èyí tí òrùka lẹ̀ mọ́ òrùka, òrùka lẹ̀ mọ́ òrùka, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tó ti lè tẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ibi tí oxygen wà láàárín òrùka méjì. Àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn wá ń to ara wọn lérí pẹ́kípẹ́kí, elétíróònù ń fò láti ara èyí sí ara tọ̀hún, ohun tó fún un ní àwọ̀ ọsàn yẹn nìyẹn, wọn ò fi àró kankan sí i. Kí ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ tó lè yọ̀ kọjá lára èkejì ẹ̀ ó ti já. Nítorí náà ni kì í fi yọ́, ńṣe ló máa ń jó.

Ìyọnu tí àwọn kẹ́mísìtì náà bá pàdé nìyẹn o. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti ṣe polyimide àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Kò yọ́, kò ṣeé pò sínú omi kẹ́míkà kankan, kí lo fẹ́ fi tẹ́ ẹ di fíìmù? Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn 1950 ni àwọn ti DuPont wá rí ọgbọ́n ẹ̀ dá, àárín ọdún 1960 sí 1970 ni ọjà ẹ̀ sì jáde. Ọgbọ́n ọ̀hún ni pé wọn ò tẹ́ polyimide rárá, òbí ẹ̀ ni wọ́n tẹ́. Òbí yẹn ń jẹ́ polyamic acid, òun rọ̀, òun ṣeé pò, wọ́n á tẹ́ ẹ di fíìmù, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti di fíìmù tán ni wọ́n á tó mú iná bá a, inú iná yẹn ló ti máa yí padà di polyimide. Bí àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ṣe ń ṣe náà ni, amọ̀ tútù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, iná ló ń sọ ọ́ di ìkòkò, tó bá ti jinná kò sí omi tó lè sọ ọ́ di amọ̀ mọ́.

Jẹ́ ká wọ inú ilé iṣẹ́ náà, torí o ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyẹ̀fun méjì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ PMDA, ọ̀kan ń jẹ́ ODA, funfun làwọn méjèèjì. Olúkúlùkù wọn ní ọwọ́ méjì, ọwọ́ PMDA ò lè di ọwọ́ PMDA bíi tiẹ̀ mú, ti ODA nìkan ló lè dì mú, ODA náà bẹ́ẹ̀. Tí iye wọn bá dọ́gba, wọ́n á máa di ara wọn mú lọ, ẹ̀wọ̀n á gùn. Tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ pọ̀ ju èkejì, ẹ̀wọ̀n á tètè parí torí pé orí méjèèjì ẹ̀ ti di irú kan náà, kò sí ẹni tó máa dì í mú mọ́, fíìmù tó bá jáde níbẹ̀ á máa ya pẹ̀rẹ̀, á máa kán. Iye ni mo sọ o, mi ò sọ ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n: giramu 218 PMDA ló bá giramu 200 ODA dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọwọ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Omi náà ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, torí tí omi bá kan PMDA ó ń já ọwọ́ ẹ̀ dànù, ọwọ́ tó ti já ò sì lè di nǹkan kan mú mọ́. Wọ́n á gbẹ gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi nitrogen bo orí ìkòkò irin náà kí atẹ́gùn tútù má wọlé. Ní Àjàṣẹ́ tí ọ̀sà wà lẹ́bàá wa, tí bíríkì ń hùkàsì lára ògiri, o lè rí i pé ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́.

DMAc, ìyẹn omi kẹ́míkà kan tó ń hó ní 165°C, ni wọ́n fi ń po méjèèjì. Wọ́n á máa rò ó láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, á máa fà. Nínú ohun tó wà nínú ìkòkò nígbà yẹn, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló jẹ́ polyamic acid, ìyókù, DMAc ni. Tí wọn ò bá ní lò ó lójú ẹsẹ̀, inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú ooru lásán báyìí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ á máa já.

Wọ́n á sẹ́ ẹ dáadáa. Eruku kékeré kan tó bá wà nínú ẹ̀ ló máa di ihò lára fíìmù, ibi tí ihò bá sì wà ni iná máa ń gbà fò kọjá. Wọ́n á yọ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa gba ẹnu irin tóóró kan tó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jáde, á dà sórí bẹ́líìtì irin aláìdípẹtà tí wọ́n dán títí tó fi ń dà bíi dígí, bẹ́líìtì yẹn ń yí lọ láìdúró, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ fíìmù 25 micron ni wọ́n fẹ́ (micron 1000 ló wà nínú mílímítà kan), nǹkan bí 200 micron ni wọ́n máa tẹ́ sórí bẹ́líìtì, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa fò lọ. Tí yóò bá fi yí dé ìparí, kò tíì gbẹ tán, DMAc ṣì wà nínú ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó ti lè dá dúró, ó ṣeé ká kúrò lórí irin láìya.

Ibi tó dùn jù lójú tèmi ló kàn. Fíìmù tútù yẹn máa wọ inú ààrò gígùn kan, bó ṣe ń wọlé, abẹ́rẹ́ kéékèèké tàbí ẹ̀mú tó wà lórí ṣéènì méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, á gún etí ẹ̀ mú, wọ́n á máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀ láàárín òfuurufú, kò ní kan nǹkan kan lókè, kò ní kan nǹkan kan nísàlẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 150°C, wọ́n á máa fi kún un, 200, 300, títí á fi dé 400. DMAc tó kù á kọ́kọ́ fò lọ, lẹ́yìn náà ni òrùka á máa pa dé níkọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀wọ̀n, bí òrùka kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe ń pa dé, ó ń tu omi jáde, omi gidi o, H₂O. Nínú giramu 418 ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, giramu 36 ló máa bá omi yẹn lọ, 382 ló máa kù bíi fíìmù. Tí wọ́n bá ń kánjú, tí wọ́n ti orí 150 fò sí 350, omi àti DMAc ò ní ráyè jáde jẹ́jẹ́, fíìmù á lé róró, á di yẹpẹrẹ. Tí etí ẹ̀ ò bá sì sí lẹ́nu ẹ̀mú, á sún kì, á ká kò. Dídì tí wọ́n dì í mú yẹn náà ló ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀wọ̀n sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ ti ń wá, ìdí nìyí tó o bá fi ọwọ́ lásán fa Kapton tí etí ẹ̀ ò tíì lábàwọ́n o ò ní lè fà á ya.

Ọ̀nà míì wà tí wọ́n máa ń po acetic anhydride àti amine kan mọ́ ọn kí òrùka lè tètè pa dé kó tó débi ààrò, ó yá ju èyí lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Bó ṣe bọ́ sóde, wọ́n á gé etí méjèèjì tí abẹ́rẹ́ ti lu nù. Fi ojú sí ibẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ lowó wà. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fẹ́ sáṣẹ́, tó bá gé etí tàbí tí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á dà á padà sẹ́nu ẹ̀rọ, á tún yọ́, kò pàdánù nǹkan kan tó pọ̀. Ti polyimide, tó bá ti jinná báyìí, ó ti jinná nìyẹn, etí tí wọ́n gé, fíìmù tó lé róró, èyí tó ya, gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sọ́nù. Da iye owó PMDA àti ODA tó mọ́ yẹn pọ̀ mọ́ ti ààrò 400°C tí wọn kì í pa, pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba DMAc padà nínú afẹ́fẹ́, o ti mọ ìdí tí owó ẹ̀ fi le. Kì í ṣe àwọn oníṣòwò Ìgòlò ló ń fi gbogbo ẹ̀ yan ọ́ jẹ.

Ṣé a lè ṣe é níbí? Lórí dígí, nínú láàbù yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á da ìwọ̀n kékeré sórí dígí, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e sínú ààrò tó ń lọ sókè jẹ́jẹ́ dé 300 sí 350, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kó lè ṣí kúrò. Ìyẹn tó fún akẹ́kọ̀ọ́. Fún ọjà, rárá, kì í ṣe nísinsìnyí. Iná mọ̀nàmọ́ná kan ṣoṣo tó bá lọ nígbà tí fíìmù wà nínú ààrò, gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ lè po ó nínú atelier. DMAc ń gba ara awọ wọlé, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ODA sì wà lára ohun tí àjọ tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé kọ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe ohun tá a fi ń ṣeré ní àgbàlá tí ọmọdé ti ń sáré kiri.

Àwọn pílásítíìkì tó ń fara da ooru tó sì ṣeé yọ́ wà o, PEI wà, PEEK wà, àmọ́ 340 sí 400°C ni wọ́n ti ń fà wọ́n jáde, ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ á ti di èédú kó tó débẹ̀. Polyester náà, ó ń yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fífẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, orí ìlù irin tútù ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á wá fà á gùn bí ìlọ́po mẹ́ta ní ìgbóná bíi 90°C, wọ́n á fà á fẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n á dì í mú nínú ooru tó lé ní 200 kó lè gbàgbé pé òun fẹ́ sún kì. Láìsí fífà yẹn polyester ò wúlò fún ọ.

Ó yá, ká sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, torí mo rò pé ibẹ̀ lo ti ń pàdánù owó. Ìwọ ń lo Kapton fún moteur ẹ̀rọ ìlọta. Kí ló dé? Moteur ní kíláàsì, ìyẹn ooru tó pọ̀ jù tí ohun tí wọ́n fi wé e lè gbà: B ni 130°C, F ni 155, H ni 180, ó sábà máa ń wà lára plaque ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nǹkan sí yẹn. Kíláàsì yẹn, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tó o fi wé e ló máa pinnu ẹ̀. Tí wáyà rẹ bá jẹ́ 155, tí vernis tó o fi kùn ún jẹ́ 155, tó o wá tẹ́ Kapton sínú encoche, moteur rẹ ò di ohun tó ju 155 lọ o, owó lo kàn tẹ́ sínú ihò. DMD ni kó o máa lò fún irú wọn, ìyẹn polyester láàárín, aṣọ polyester lápá méjèèjì, ra èyí tó jẹ́ kíláàsì F. Ó rọrùn láti tẹ̀, ó ń fa vernis mu, owó ẹ̀ kéré gan-an sí ti Kapton. Kapton ní ibi tiẹ̀: orí coil tó sún mọ́ra jù, alternateur tó ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí tí atẹ́gùn ò dé, moteur tí wáyà ẹ̀ jẹ́ 180 tàbí 200, àti ibi tí àyè encoche ti há tó jẹ́ pé ohun tó fẹ́lẹ́ nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Moteur tó máa ń padà wá bá ọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, má kọ́kọ́ fura sí fíìmù. Tí moteur bá fi nǹkan bí 10°C gbóná ju ohun tí kíláàsì ẹ̀ gbà lọ, ọjọ́ ayé ẹ̀ ń dín kù sí ìlàjì, ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń lò tipẹ́tipẹ́ nìyẹn, kì í ṣe òfin Ọlọ́run àmọ́ ó sún mọ́ òótọ́. Wo bẹ́líìtì tó le jù, wo ìyẹ̀fun tó dí ojú atẹ́gùn, wo kúráǹ tí ò tó.

Kapton ní àléébù tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Àkọ́kọ́, ó ń mu omi. Ní ibi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ bíi tiwa, ó lè mu tó ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀, polyester kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Torí náà tó o bá wé moteur tán, gbé e sínú ààrò 110 sí 120°C fún wákàtí díẹ̀ kó o tó kùn ún ní vernis, má fi òòrùn ṣe é. Ìkejì, omi onísóódà ń jẹ ẹ́, má fi potáṣì tàbí ọṣẹ tó le fọ moteur tí Kapton wà nínú ẹ̀. Ìkẹta, tí abẹ́rẹ́ tàbí etí tólè bá ti sín in báyìí, ó ń ya lọ kíá, agbára tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn tán níbẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín pépà Nomex, pépà kan tó ń fara da ooru, kí wọ́n tó tì í wọ encoche. Lọ́dún 1980 síwájú àwọn ọkọ̀ òfuurufú pàdé ìṣòro lára wáyà tí wọ́n fi Kapton bò: tí ìtàná bá ṣẹlẹ̀ níbì kan, ibi tó jó á di èédú, èédú ń gbé iná, iná á máa bá a lọ. Fíìmù yìí kan náà ló sì wà lójú òfuurufú báyìí, márùn-ún lórí ara wọn, tó ń bá ẹ̀rọ awò ìràwọ̀ James Webb dí òòrùn láti ìgbà tí wọ́n ti rán an lọ ní December 2021. Ibi tó yẹ ẹ́, ó yẹ ẹ́.

Èyí tó tún ń dà yín láàmú ni ayédèrú. Polyester tí wọ́n fi àró ọsàn pa ti pọ̀ lọ́jà, tẹ́ẹ̀pù ẹ̀ ló tiẹ̀ pọ̀ jù. Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n: gé díẹ̀, nǹkan bíi ìka kan, fi ẹ̀mú dì í mú, fi ọwọ́ iná briquet kan etí ẹ̀. Polyester á sá fún iná kíá, á sún kì, á yọ́, á kán sílẹ̀ tòun ti iná, á ta òkùn tó o bá fi igi kàn án. Polyimide á dúró síbẹ̀, etí á pupa, á dúdú, tó o bá gbé iná kúrò á kú fúnra ẹ̀, èédú gbígbẹ lo máa rí, kò sí ohun tó kán. Tí ẹni tó ń tà á ò bá fẹ́ kó o jó o lójú òun, bá a mú fer à souder, irin tí a fi ń jó wáyà pọ̀, tó ti gbóná dáadáa, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ka márùn-ún: ayédèrú á ti lu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tẹ́ẹ̀pù, gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò lè tó fíìmù fúnra ẹ̀, gọ́ọ̀mù silicone ń lọ dé 260°C fún ìgbà kúkúrú, acrylic ò débẹ̀ rárá, tó bá ń hu èéfín láti ẹ̀yìn kì í ṣe pé fíìmù ò dáa.

Má ṣe gbára lé òṣùwọ̀n láti fi dá wọn mọ̀, ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òṣùwọ̀n wúlò fún nǹkan míì: ó ń sọ bó ṣe nípọn. Mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, tó bá jẹ́ Kapton 25 micron, giramu 35 ààbọ̀ ni, 50 micron á jẹ́ 71. Kílò kan ti 25 micron á fún ọ ní mítà 28 bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ó wà níbẹ̀ fún ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ni gígé. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ta rólù tó fẹ̀, ẹ̀yin bobineur wá ń ra tóóró, owó gígé yẹn ló ń lé e sókè ní ojú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó fi ń ká sáṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ní rólà, ó ti ní ohun tó ń fa fíìmù le dọ́gba, abẹ ló kù kó fi sí i. Kó wá rólù DMD àti Kapton fífẹ̀, kó máa gé e sí ìwọ̀n encoche tí gbogbo yín ń lò láti ibí dé Kétu àti Sábẹ̀. Abẹ tuntun ni kó máa lò ní gbogbo ìgbà, torí etí tí abẹ kíkú bá gé á ní eyín wẹ́wẹ́, eyín yẹn ló máa di ibi tí Kapton ti ń ya. Kó sì mọ ohun tí wọ́n kọ sára páálí àárín rólù kó tó sanwó: ti DuPont, 100HN ni 25 micron, 200HN ni 50, 300HN ni 75, 500HN ni 125. Tí rólù ò bá ní nọ́ńbà kankan lára, kó gé mítà kan, kó gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú ẹni tó ń tà á, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.